Adìẹ ń sín, ojú tòlótòló ń wú: Báwo ni ọlọ́sìn ṣe lè mọ̀ bóyá bakitéríà ló fà á?

Tí adìẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín nínú ilé ọ̀sìn kan ní Ìlaró, Ayétòrò, Ọjà-Ọ̀dan tàbí Ìmẹ̀kọ, ibi àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn máa ń gbà lọ ni ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta oògùn adìẹ. Wọ́n á ra àǹtíbáyọ́tíìkì, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á sì máa retí. Nígbà míì, ara adìẹ á yá. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, owó oògùn á lọ, adìẹ náà á tún kú. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni oògùn yẹn máa ń jẹ́ ayédèrú o. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé àìsàn tí wọ́n ń tọ́jú yàtọ̀ sí èyí tó wà lára adìẹ.

Àìsàn tó ń gba imú àti ọ̀fun wọ ara adìẹ àti tòlótòló pọ̀. Bakitéríà ló ń fa àwọn kan, fáírọ́ọ̀sì ló ń fa àwọn mìíràn. Àǹtíbáyọ́tíìkì lè pa bakitéríà, àmọ́ kò lè pa fáírọ́ọ̀sì rárá. Kódà láàárín àwọn bakitéríà fúnra wọn, oògùn tó ń pa ọ̀kan lè má ran èkejì. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn ẹranko fi máa ń sọ pé kí ọlọ́sìn kọ́kọ́ mọ orúkọ àìsàn kó tó ná owó lé e lórí.

Ní agbègbè Yewa, ọ̀rọ̀ yìí tún ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ẹnubodè ni ibí. Adìẹ àti tòlótòló ń rìn láti ọjà dé ọjà, láti abúlé dé abúlé, wọ́n sì ń kọjá ààlà sí Benin, wọ́n ń padà bọ̀. Àìsàn tí ẹnì kan kò mọ orúkọ rẹ̀ lónìí lè wà nínú ilé ọ̀sìn aládùúgbò rẹ̀ lọ́la.

Ìdí tí mímí adìẹ fi tètè máa ń bàjẹ́

Ẹ̀dọ̀fóró adìẹ kò dà bíi ti èèyàn. Ti èèyàn máa ń wú, ó sì máa ń súnkì bí onítọ̀hún bá ṣe ń mí. Ti adìẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ kan wà nínú ara rẹ̀, tí wọ́n fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá, àwọn ló ń ti afẹ́fẹ́ gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá. Àpò wọ̀nyí nà láti ọrùn títí dé inú ikùn, àwọn kan tiẹ̀ wọ inú egungun. Ìyẹn ni pé kòkòrò tó bá gba ihò imú wọlé lè rìn dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀ àti ọkàn láìpẹ́ rárá.

Ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò yìí kò jìnnà. Lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń pọ̀, òtútù òru sì máa ń mú, ni ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn bá fi tapólì bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé adìẹ pátápátá. Òtútù ò wọlé lóòótọ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó mọ́ náà ò wọlé. Lásìkò òjò, omi á ta sórí ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ á rin, òórùn amóníà á sì máa jáde. Tí ẹ bá wọ ilé adìẹ yín tí ojú ń ta yín, tí omi sì ń bọ́ lójú yín, ẹ rántí pé ẹ̀yin máa jáde láìpẹ́, adìẹ ò ní jáde. Amóníà yẹn ń ba àwọn irun kéékèèké tó ń gbá ìdọ̀tí kúrò nínú gògóńgò adìẹ jẹ́. Tí irun yẹn bá ti bàjẹ́, kò sí ohun tó máa dá bakitéríà dúró mọ́.

Àwọn bakitéríà tó sábà ń fà á

Àkọ́kọ́ ni Mycoplasma gallisepticum. Òun ló ń fa àìsàn tí àwọn ọlọ́sìn mọ̀ sí CRD, ìyẹn ọ̀fìnkìn tí kì í tán lára adìẹ. Kì í pa adìẹ lọ rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣe ló máa ń rìn jẹ́jẹ́: adìẹ á máa sín, á máa húkọ́, ohùn kan á máa dún kẹrẹrẹ lọ́fun rẹ̀, ẹyin á dín kù, adìẹ ẹran ò sì ní tóbi bó ṣe yẹ. Lára tòlótòló, ó máa ń le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́ ojú tòlótòló á wú bọ̀ǹbọ̀, nígbà míì ojú á dí pátápátá débi pé kò ní rí oúnjẹ jẹ. Adìẹ tó bá ti ní kòkòrò yìí lè máa gbé e kiri títí ọjọ́ ayé rẹ̀, kódà tí ara rẹ̀ bá dà bí èyí tó ti yá. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé ìyá adìẹ lè kó o ran ọmọ láti inú ẹyin. Òròmọdìẹ ọjọ́ kan tí ẹ rà lè ti gbé e wá láti ibi tí wọ́n ti pa á.

Èkejì ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní coryza. Adìẹ ló máa ń mú jù, kì í sábà mú tòlótòló. Ó yára púpọ̀: láàárín ọjọ́ 1 sí 3 tí kòkòrò náà bá wọlé, ojú adìẹ á ti wú, ikun á máa jáde nímú, ikun yẹn á sì máa rùn. Òórùn yẹn ni ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn tó ti rí i rí fi máa ń dá a mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó lè mú èyí tó pọ̀ jù nínú agbo láàárín ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ kì í sábà pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ àfi tí àìsàn mìíràn bá gùn ún. Ẹyin ni ọlọ́sìn máa kọ́kọ́ pàdánù.

Ẹ̀kẹta ni E. coli. Inú ìgbẹ́ adìẹ ló ń gbé, kò sì sí ilé ọ̀sìn tí kò sí. Ó máa ń dúró de ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn fún un. Tí amóníà, eruku, CRD tàbí fáírọ́ọ̀sì kan bá ti dá ọgbẹ́ sí gògóńgò, E. coli á tẹ̀lé wọn wọlé, á lọ sí àpò afẹ́fẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa adìẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá sọ pé E. coli ló pa adìẹ, òdodo ni, àmọ́ kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ dé.

Ẹ̀kẹrin ni fowl cholera, tí bakitéríà Pasteurella multocida ń fà. Orúkọ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé nì, Louis Pasteur, ni wọ́n fi sọ kòkòrò yìí. Àìsàn yìí gan-an ni Pasteur ń ṣe ìwádìí lé lórí ní nǹkan bí ọdún 1880 tó fi rí i pé kòkòrò tí agbára rẹ̀ ti dín kù lè dáàbò bo adìẹ. Láti ara adìẹ ni ìmọ̀ ṣíṣe àjẹsára nínú láàbù ti bẹ̀rẹ̀. Fowl cholera máa ń pa adìẹ àgbà àti tòlótòló lójijì, tòlótòló ló sì máa ń pa jù. Nígbà míì, òkú ni ọlọ́sìn máa kọ́kọ́ rí kó tó rí àpẹẹrẹ kankan. Tí kò bá pa á kíákíá, ogbè tó rọ̀ sábẹ́ àgbọ̀n àkùkọ á wú, orúnkún á wú, ó sì máa ń mí pẹ̀lú ìnira. Eku máa ń gbé e kiri.

Àwọn méjì mìíràn wà tí ẹni tó ń sin tòlótòló gbọ́dọ̀ mọ̀. Bordetella avium máa ń mú ọmọ tòlótòló tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ. Wọ́n á máa sín, ìfófòó á wà lójú wọn, ohùn wọn á sì yí padà torí pé gògóńgò wọn á ti rọ̀. Èkejì ni Ornithobacterium rhinotracheale, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ORT. Ó ń mú adìẹ náà, àmọ́ tòlótòló ńlá ló máa ń han jù lára wọn: wọ́n á máa mí gúlegúle, ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ lè yọ lẹ́nu àwọn kan.

Àwọn tó jọ ọ́, àmọ́ tí kì í ṣe bakitéríà

Ibí yìí ni ewu wà. Lùkúlùkú tí àwọn oníṣègùn ń pè ní Newcastle, bird flu, àti infectious bronchitis, fáírọ́ọ̀sì ló ń fa gbogbo wọn. Àwọn náà máa ń mú kí adìẹ sín, kó húkọ́, kó la ẹnu mí. Tí lùkúlùkú bá wọlé, ìgbẹ́ adìẹ lè di àwọ̀ ewé, ọrùn àwọn kan á lọ́, apá tàbí ẹsẹ̀ àwọn mìíràn á rọ. Tí bird flu tó le bá wọlé, ogbè adìẹ lè dúdú, orí rẹ̀ lè wú, ó sì lè pa èyí tó pọ̀ jù nínú agbo láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Nàìjíríà kì í ṣe àjèjì sí èyí. Lóṣù kejì ọdún 2006, oko kan ní Jaji, Ìpínlẹ̀ Kàdúná, tí adìẹ tó wà níbẹ̀ lé ní 40,000, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fìdí bird flu irú H5N1 múlẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Láàbù tó wà ní Padova, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Lóṣù kìíní ọdún 2007, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àìsàn náà pa obìnrin kan ní Èkó. Lóṣù kejìlá ọdún 2007 kan náà, Benin kéde pé ó ti dé gúúsù orílẹ̀-èdè tiwọn, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn ará Yewa ń ná ọjà. Nígbà tó tún yọjú lóṣù kìíní ọdún 2015, láti Kánò àti Èkó ni ìròyìn ti kọ́kọ́ jáde, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà lára àwọn tó kàn.

Tí ọlọ́sìn bá rò pé CRD ló ń bá jà, tó wá ń da àǹtíbáyọ́tíìkì sómi fún ọjọ́ 5, nígbà tó jẹ́ pé bird flu tàbí lùkúlùkú ló wà níbẹ̀, ọjọ́ 5 ló ti fún fáírọ́ọ̀sì yẹn láti rìn. Tó bá tún wá kó èyí tó kù lọ sọ́jà kí wọ́n má bàa kú sí i lọ́wọ́, ó ti kó o ran gbogbo àdúgbò nìyẹn. Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ohun tí ọlọ́sìn lè ṣàkíyèsí fúnra rẹ̀

Ọ̀nà kan wà tí kò ná ọlọ́sìn ní kọ́bọ̀, òun náà ni fífetí sí adìẹ lóru. Lójú ọ̀sán, ariwo adìẹ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ nǹkan. Tó bá di alẹ́ tí gbogbo wọn ti dákẹ́, ẹ wọ ibẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ pa iná tọ́ọ̀ṣì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ lè súfèé ṣókí kí wọ́n lè dákẹ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀ gbọ́ èyí tó ń sín, èyí tó ń hanrun, àti èyí tí ọ̀fun rẹ̀ ń dún kẹrẹrẹ bí ẹni pé omi wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ máa ń mọ̀ pé àìsàn ti dé kí ojú tó wú, kí ẹyin sì tó dín kù.

Ìkejì ni ìwé àkọsílẹ̀. Ẹ máa kọ iye omi tí wọ́n mu, iye oúnjẹ tí wọ́n jẹ, kiréètì ẹyin tí ẹ kó, àti iye tó kú, lójoojúmọ́. Omi ló sábà máa ń kọ́kọ́ dín kù. Àkọsílẹ̀ yìí náà ló máa ń fi bí àìsàn ṣe ń rìn hàn. Tí iye tó ń kú bá jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí híhúkọ́ sì ń tàn kálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó jọ CRD. Tó bá jẹ́ pé lọ́jọ́ mẹ́ta péré ni ojú ìdajì agbo ti wú, tí imú wọn ń rùn, tí èyí tó kú kò sì tó nǹkan, ó jọ coryza. Tó bá jẹ́ pé 3 ló kú lánàá, 20 kú lónìí, tí ọ̀pọ̀ sì ti ń tòògbé, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́, ẹ pe oníṣègùn.

Ìkẹta, ẹ wo ọjọ́ tí ẹ fún wọn ní àjẹsára. Lẹ́yìn àjẹsára Lasota, adìẹ lè sín díẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì lọ fúnra rẹ̀. Tí sísín náà bá kọjá ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí kò lọ, tó tún ń le sí i, ó ṣeé ṣe kí Mycoplasma ti wà lára agbo yẹn tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ ṣá o, gbogbo èyí kò kọjá ìfura. Ojú lásán ò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì hàn ní gbogbo ìgbà, pàápàá nígbà tí méjèèjì bá jọ wà lára adìẹ kan náà.

Ohun tí oníṣègùn máa ń wò nínú òkú adìẹ

Oníṣègùn ẹranko máa ń la òkú adìẹ láti wo inú rẹ̀. Ọlọ́sìn ò gbọ́dọ̀ ṣe èyí fúnra rẹ̀ nígbà tí adìẹ bá ń kú lójijì, torí pé tó bá jẹ́ bird flu ni, ó lè ran èèyàn. Iṣẹ́ ẹni tó ní ìbọ̀wọ́, ìbomú àti ìmọ̀ ni.

Tó bá jẹ́ CRD, àpò afẹ́fẹ́ tó yẹ kó mọ́ gaara bí ọ̀rá á ti ṣú, nǹkan funfun tàbí rẹ́súrẹ́sú bíi wàràkàṣì á wà lára rẹ̀. Tí E. coli bá ti gùn ún, nǹkan funfun yẹn á bo ẹ̀dọ̀ àti ọkàn bí ẹni da aṣọ bò wọ́n. Tó bá jẹ́ ORT, ìfófòó funfun bíi yógọ́ọ̀tì á wà nínú àpò afẹ́fẹ́. Tó bá jẹ́ fowl cholera, ẹ̀dọ̀ á wú, àwọn àmì funfun tíntìntín á sì wà káàkiri ara rẹ̀. Coryza ní tiẹ̀, inú imú àti abẹ́ ojú ló máa ń wà jù. Àwọn àmì yìí máa ń jẹ́ kí oníṣègùn mọ irú àyẹ̀wò tó máa béèrè fún ní láàbù.

Bí ẹ ṣe máa gbé e dé láàbù

Fún ẹni tó wà ní Yewa, ibi tó sún mọ́ tó ní oníṣègùn ẹranko àti láàbù ni iléèwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ètò Ọ̀gbìn Ìjọba Àpapọ̀ l'Abẹ́òkúta, tí gbogbo ayé mọ̀ sí FUNAAB, ní Alábàtà. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní tiẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀, NVRI, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1924, wà ní Vom, nítòsí Jos. Ibẹ̀ ni àyẹ̀wò tó bá le máa ń lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe àjẹsára lùkúlùkú àti ti fowl cholera.

Ohun tí ẹ bá gbé lọ ló máa pinnu ohun tí wọ́n máa rí. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ gbé e lọ kí ẹ tó lo oògùn. Tí adìẹ bá ti mu àǹtíbáyọ́tíìkì fún ọjọ́ mélòó kan, bakitéríà lè má hù ní láàbù mọ́, wọ́n á sì sọ pé àwọn ò rí nǹkan, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ohun kejì, adìẹ tó ṣì ń mí tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú sàn ju èyí tó ti ń ṣàìsàn láti ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Mẹ́ta sí márùn-ún tó. Tó bá jẹ́ òkú, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ẹ fi ọ̀rá méjì wé e, ọ̀kan nínú èkejì, ẹ gbé e sínú kúlà tí yìnyín wà. Ẹ má gbé e sínú fírísà kó dì gbagidi. Ẹ má sì gbé e sórí ọkọ̀ èrò láìwé e dáadáa.

Tí iye tó ń kú bá pọ̀ lójijì, ẹ má gbé adìẹ kankan kúrò nínú oko rárá. Ẹ pe oníṣègùn ẹranko tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín tàbí iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Ìpínlẹ̀ Ògùn, kí wọ́n wá gba nǹkan àyẹ̀wò níbẹ̀. Bird flu àti lùkúlùkú wà lára àwọn àìsàn tí ìjọba gbọ́dọ̀ gbọ́ sí, tí ìjọba náà sì máa ń fi tó àjọ tó ń rí sí ìlera ẹranko lágbàáyé létí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú láàbù

Wọ́n máa ń fi òwú kékeré nu ọ̀fun tàbí ihò tó wà lókè ẹnu adìẹ, wọ́n sì máa ń gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ apá rẹ̀.

E. coli ò le rí. Tí wọ́n bá gbìn ín sórí oúnjẹ kòkòrò tí wọ́n ń pè ní MacConkey, ó máa ń hù láwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú lọ́jọ́ kejì. Fowl cholera náà yára: wọ́n lè fi ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀ para gíláàsì, kí wọ́n pa á láró, kí wọ́n sì wò ó lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Kòkòrò rẹ̀ máa ń dúdú ní orí méjèèjì, àárín rẹ̀ á sì mọ́. Kòkòrò coryza ní tiẹ̀ kì í dá hù. Wọ́n ní láti gbin bakitéríà mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè rí ohun tó nílò jẹ, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ nìkan ló sì máa ń hù sí.

Mycoplasma ló máa ń gba sùúrù jù. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó hù, oúnjẹ àrà ọ̀tọ̀ ló sì ń jẹ. Torí náà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n á kán omi ẹ̀jẹ̀ kan sórí gíláàsì, wọ́n á kán oògùn àyẹ̀wò tó láwọ̀ sí i, wọ́n á pò wọ́n pọ̀. Tó bá dì ní hóróhóró láàárín ìṣẹ́jú méjì, ara adìẹ yẹn ti bá kòkòrò náà pàdé rí. Àyẹ̀wò yìí yára, àmọ́ ó lè ṣini lọ́nà, pàápàá tí adìẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àjẹsára. Tí wọ́n bá sì tètè ṣe é jù, lọ́jọ́ díẹ̀ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ó lè sọ pé kò sí nǹkan, torí ara adìẹ kò tíì ní àkókò láti dáhùn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tó dájú jù ni PCR, irú àyẹ̀wò tí wọ́n fi mọ ẹni tó ní kòrónà. Ó lè sọ orúkọ bakitéríà tàbí fáírọ́ọ̀sì láàárín ọjọ́ kan, tí irinṣẹ́ rẹ̀ bá wà.

Kí ẹ tó kúrò ní láàbù, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò tó ń sọ oògùn tó lè pa bakitéríà náà. Wọ́n á to bébà kéékèèké tí oògùn oríṣiríṣi wà lára wọn sórí ibi tí bakitéríà ti ń hù, èyí tí bakitéríà kò bá lè hù yí ká ni oògùn tó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ ò ní ra oògùn mẹ́ta kí ẹ tó kan èyí tó dára.

Oògùn tí kò bá àìsàn mu

Penicillin àti àwọn ẹbí rẹ̀ bíi amoxicillin àti ampicillin, ara ògiri tí bakitéríà fi bo ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń bá a jà. Mycoplasma ò ní ògiri yẹn rárá. Ẹni tó bá ń fi amoxicillin tọ́jú CRD ń da owó sómi ni. Tylosin àti tiamulin wà lára àwọn tó máa ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àmọ́ tiamulin ní èèwọ̀ tirẹ̀: tí oúnjẹ adìẹ bá ní monensin tàbí salinomycin tí wọ́n fi ń dènà àìsàn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí ẹ wá fún wọn ní tiamulin pọ̀ mọ́ ọn, ó lè pa adìẹ tàbí kó rọ wọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹ ka ara àpò oúnjẹ yín, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn kí ẹ tó pò ó.

Oògùn CRD àti coryza máa ń dín àìsàn kù, kì í sábà pa kòkòrò náà run pátá nínú agbo. Èyí ló fà á tó fi máa ń padà wá. Tí ẹ bá sì dá oògùn dúró lọ́jọ́ kejì torí pé ara wọn ti ń yá, èyí tó lágbára jù nínú kòkòrò náà lẹ ṣẹ́ kù, lọ́jọ́ iwájú, oògùn yẹn ò ní ràn án mọ́. Kò tán síbẹ̀. Oògùn máa ń wà nínú ẹyin àti ẹran fún ọjọ́ mélòó kan. Iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ tó tà wọ́n wà lára páálí oògùn. Ẹni tó bá jẹ ẹyin yẹn kí ọjọ́ tó pé, oògùn ló ń jẹ.

Bí ẹ ò ṣe ní gbà á láàyè

Ẹyẹ láàyè tàbí òkú, títí kan adìẹ àti tòlótòló yìnyín, wà lára ohun tí Nàìjíríà fòfin de kíkó wọlé. Síbẹ̀, gbogbo ẹni tó ń gbé lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò àti Ìlárá mọ̀ pé fàyàwọ́ kò tíì tán. Adìẹ tó bá gba inú igbó kọjá lórí ọ̀kadà kò ní ìwé oníṣègùn kankan, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ohun tó gbé dání. Ẹ̀bùn adìẹ láti ọ̀dọ̀ ẹbí ní Kétu tàbí Pobè náà ń kó àìsàn bíi ti adìẹ ọjà. Adìẹ tuntun èyíkéyìí, níbikíbi tó bá ti wá, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, ẹ sì máa tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́jú àwọn ti ilé. Èyí tí ẹ kó lọ sọ́jà tí ẹ ò rí tà, àjèjì lòun náà nígbà tó bá padà dé.

Ẹ má da adìẹ àti tòlótòló pọ̀ sójú kan, torí adìẹ tó dà bí èyí tí ara rẹ̀ yá lè gbé ohun tó máa fọ́ ojú tòlótòló. Ẹ má da ọjọ́ orí pọ̀ pẹ̀lú. Tí agbo kan bá ti kúrò, ẹ fọ ilé, ẹ fi oògùn apakòkòrò wẹ̀ ẹ́, kí ó gbẹ dáadáa kí òmíràn tó wọlé. Kiréètì ẹyin bébà tó ń ti oko dé oko kò yẹ kó wọ inú ilé adìẹ. Ẹ lé eku. Òkú adìẹ, ẹ ri ín jìn tàbí kí ẹ sun ún. Ẹ má jù ú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún ajá. Lásìkò ọyẹ́, ẹ ṣí òkè tapólì sílẹ̀ díẹ̀ kí amóníà lè ráyè jáde. Tí ẹ bá fẹ́ ra òròmọdìẹ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti yẹ ìyá wọn wò fún Mycoplasma.

Tí ẹ bá pe oníṣègùn ẹranko, ìbéèrè mẹ́fà ló máa kọ́kọ́ bi yín: ọjọ́ orí adìẹ, iye wọn, ọjọ́ tí sísín bẹ̀rẹ̀, iye tó ti kú lójoojúmọ́, àjẹsára tí wọ́n ti gbà àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á, àti oògùn tí ẹ ti lò. Tí ìdáhùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ti wà nínú ìwé yín kó tó dé, iṣẹ́ rẹ̀ á yá, owó tí ẹ máa san á sì dín kù.